Rédíò Bàbá Mi àti Àwọn Tó Ń Fò Kọjá Lórí Kabba

Kékeré ni mo ṣì wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, nígbà tí bàbá mi gbé rédíò àlòkù kan wálé sí Kabba láti Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí irú rẹ̀: ó dúdú, ó wúwo, ó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e bí àpótí, irin eriali rẹ̀ sì gùn ju apá ọmọdé lọ. Ìròyìn ni Bàbá fẹ́ máa fi gbọ́. Àmọ́ ìlà kan wà lójú rẹ̀ tí ẹni tó tà á kò lè sọ ohun tó wà fún. Ẹ̀gbọ́n mi Sùlé ló yí i débẹ̀ lọ́jọ́ kan tí a ń sá kajú lẹ́yìn ilé. Ó kọ́kọ́ ń hó ṣààà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń da ẹ̀wà sínú igbá. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan já jáde, ó sọ gẹ̀ẹ́sì wéréwéré, ó sì dákẹ́.

Àwọn kan ládùúgbò ní ológun ni. Àwọn mìíràn ní olè ni, kí Bàbá tètè gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Olùkọ́ ni Bàbá, jọ́gíráfì ló ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ báyìí kì í sì í dẹ́rù bà á. Ó tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀nà láti Èkó dé Àbújá, ó ní, "Àwọn tó ń wa bàálù ni. Orí wa níbí ni wọ́n ń gbà kọjá." Láti ọjọ́ náà ni a ti di olùgbọ́ wọn. Bí a bá ti pọn omi tán, tí a ti ilé kéú dé, Bàbá á tan rédíò náà fún wa lábẹ́ igi ọsàn, a ó máa jẹ iṣu sísun tí epo ń kán lára rẹ̀, a ó sì máa retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lókè. Bí bátìrì bá ti kú, a ó sá a sóòrùn lórí páànù kí ó lè jí. Èmi àti Sùlé náà a máa fi agolo mílíìkì ṣe awakọ̀ bàálù, òun lórí igi, èmi nílẹ̀, títí ẹ̀ka kan fi dá tí Màmá sì fi pàṣán nà wá.

Ohun kan tó ń rú wa lójú ni pé ẹni tó wà lókè nìkan la máa ń gbọ́. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ jìnnà sí wa, òkè sì dí ohùn rẹ̀. Nítorí náà, ó dà bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

Ìyé, ìyá tó bí bàbá mi, kò fẹ́ràn rédíò náà. Ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lápá kan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun fúnra rẹ̀ kì í rán ọmọ níṣẹ́ lápá kan. Bó bá rán ọ, o ò ní tíì gbẹ́sẹ̀ kó tó ní, "Kí ni mo ní kó o sọ?" O gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ sọ bó ṣe wí i. Bó o bá fo ọ̀kan, yóò tún un rán ọ, ìwọ náà yóò tún un sọ. Sùlé fi ìkánjú sá lọ lọ́jọ́ kan láìtún un sọ, irú ni Ìyé rán an, kánún ló rà bọ̀. Ó kúnlẹ̀ lójú oòrùn, a sì jẹ ọbẹ̀ ilá tó yọ̀ kọjá ààlà fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọdún yẹn gan-an ni Bàbá àti àwọn àbúrò rẹ̀ parí ètò láti rán Ìyé lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi tọrọ rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, gbogbo wa sì mọ̀ pé bí kò bá lọ lọ́dún náà, ó lè má lè lọ mọ́. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyé ní òun ò lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, lèmọ́mù wá bẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń sọ náà ló ń sọ: "Kò sí ojú ọ̀nà lókè. Kò sí abúlé tí èèyàn lè yà sí láti béèrè ọ̀nà. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń wà á ló jókòó síwájú, òun nìkan. Bó bá ṣìnà, ta ni yóò sọ fún un?" Mo rí Bàbá tó jókòó sórí àga nínú ọgbà, tó di orí mú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyé ń bó ẹ̀gúsí, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Awakọ̀ kan sọ̀rọ̀. Ó pe ẹ̀ta, ó pe ọ̀kan, ó pe òdo. Ó dákẹ́. Ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀: ó pe ẹ̀ta, ó pe ẹ̀ta, ó pe òdo.

Ìyé dá ọwọ́ dúró. "Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ìyé, bí wọ́n ṣe ní kó ga tó ló ń pè. Bàbá ní dandan ni kó tún ohun tí wọ́n bá sọ fún un sọ."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ṣé nǹkan kan náà ni?"

"Rárá o. Ti àkọ́kọ́ yàtọ̀."

Ìyé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ó ṣì í sọ. Wọ́n ní kó tún un sọ." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, títí kan àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Mo ní Bàbá sọ pé gbogbo wọn ni. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ bi Bàbá ibi tí wọ́n kó àpò òun sí.

Ìlọrin ni Ìyé àti àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ti gbéra. Lọ́jọ́ náà a yí rédíò náà ká, àwa àti àwọn aládùúgbò tó ń bẹ̀rù olè níjọ́sí. A ò mọ bàálù tó jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá sọ̀rọ̀ ni a ń ṣàdúrà fún. Alhaja ni Ìyé nígbà tó padà dé. Ó ní obìnrin kan ń ké nínú bàálù nígbà tí wọ́n gbéra, òun sì sọ fún un pé kó dákẹ́, kí ọmọ tó wà níwájú lè gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an.

Ìyé ti lọ sí ilé rẹ̀ tipẹ́, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Omi bátìrì sì ti jẹ inú rédíò náà. Lọ́kọ́jà ni mo ń gbé báyìí, fóònù ni mo sì fi ń wo bàálù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí: àmì kékeré pupa kan, orúkọ rẹ̀, bó ṣe ga tó, bó ṣe ń sáré tó. Nígbà tí ọmọ mi Àmínà wọ bàálù ní Àbújá láti lọ kàwé lókè òkun, n kò gbé ojú kúrò lára àmì yẹn. Bàbá, tó ti di arúgbó, pè mí láti Kabba. Mo ní mo ń rí ibi tó dé.

"O ń rí i. Ṣé o ń gbọ́ wọn?"

"Rárá, Bàbá. Tòní kì í sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Sọ fún ọmọ náà kó fi ohùn rẹ̀ pè mí bó bá dé. Kó má fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi."

Mo kọ iṣẹ́ Bàbá ránṣẹ́ sí Àmínà bó ṣe wí i. Kò pẹ́ tí àmì náà fi parẹ́ lójú fóònù mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ti balẹ̀ ni tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá ló tún pè. Ó ní, "Ọmọ rẹ ti dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ tán ni. Òtútù ń mú un." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá mi, mo sì sunkún bí ọmọdé.