Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Bu Omi Là

Kíláàsì ni mo wà l'Ágbówó lọ́jọ́ tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò sun oorun tó nílàárí, nítorí ìyá mi tó ń ṣàìsàn nínú yàrá mi ní Bódìjà. Ẹ̀kọ́ tó kàn lọ́jọ́ náà ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò bí agbára nǹkan bá dín kù. Wọ́n pọ̀ bí ẹni pé òyìnbó ò níṣẹ́ méjì.

Mo kọ "dilute" sójú pátákó, mo ní kí wọ́n rántí ọṣẹ ìfọwọ́ ilé oúnjẹ kan ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n bu omi sí títí tó fi ku àwọ̀ nìkan. "Thin" ni ti pẹ́ńtà tó ń da kẹrosíìnì sínú ọ̀dà kó lè ṣe é kùn. "Adulterate" ni ti àwọn oníjìbìtì tó ń fi nǹkankínǹkan lú epo pupa. "Weaken" ni ti ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀. Mo yára ṣí ojú ewé kejì.

Nígbà tó kan "water down", ìyẹn kéèyàn bu omi la ọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan níwájú ní, "Mà, bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nìyẹn." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, òótọ́ ló kúkú sọ. Ta ló ń pe ọmọ lórí fóònù pé ìyá rẹ kú? Àìsàn là ń pè é. "Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá, máa bọ̀ nílé." Ọmọ á wọkọ̀, á dé, á bá èrò lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe pe ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí bàbá wa kú. Ó ra oògùn àti ọsàn wá fún òkú, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Kíláàsì ò tíì tán tí obìnrin aládùúgbò tó ń bá mi jókòó ti ìyá mi fi pè mí. Ó ní wọn ò fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń pè ṣáá. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Kàdúná ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ó ń ta páàtì ọkọ̀, ó sì ti ju ọdún kan lọ tí òun àti màmá ti fojú kanra. Ibà lásán ni mo ti ń pe àìsàn náà fún un, kí ọkàn rẹ̀ má bàa dàrú. Mo jáde síta, mo pè é. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, màmá ò gbádùn o. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín tán! Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Odindi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó dénú rẹ̀, ó di òkú.

Ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Ṣe ọkàn akin. Má sunkún." Ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa ro ohun tó dé tó fi ní kí n má sunkún. Mo padà sínú kíláàsì. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Mo ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mò ń tún ilé bàbá ṣe." Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìlú wa. Bí èèyàn bá wọkọ̀ níbẹ̀, kò ju wákàtí méjì lọ tí á fi dé ọ̀dọ̀ mi. Inú bí mi gidigidi. Irú ilé wo? Ìyá ẹni wà lórí ẹní, ẹnìkan ń tún ilé ṣe! Mo ní mi ò ní pè é, kó máa tún un ṣe lọ. Tí ìbínú bá bá àárẹ̀ lára èèyàn, orí kì í pé mọ́. Mo ju fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi béèrè rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ṣé ó ti dé?" Mo ní ó wà lọ́nà. Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe ń mọ́, wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ó gbé aṣọ funfun dání. Kò sáré. Ojú rẹ̀ ti wú, ó ti sunkún tirẹ̀ tán. Mo ṣe bí ẹnìkan ló ti sọ fún un lọ́nà. Ó ní òun àti àwọn ará ilé ti ro àyíká ilé, àwọn ti gbẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, òun sì ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá béèrè pé mọ́ṣúárì wo la gbé wọn sí láti Ọjọ́bọ̀.

Mo ní, "Ọjọ́bọ̀ kẹ̀? Wọ́n wà nínú yàrá. Àárọ̀ yìí ni."

"Àárọ̀ yìí ni kí ni?"

Ó wọ yàrá lọ, ó fọwọ́ kan ọrùn wọn. Ara wọn ò tíì tutù tán. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́. Ó ní, "Àná ni mo ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́." Kò bú mi. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ṣé wọ́n béèrè mi?"

Mo ní, "Rárá o, bọ̀ọ̀dá mi. Oorun ni wọ́n ń sùn."