Ọjọ́ tí Mobọ́lá Tú Kọ̀ǹpútà Ọkọ Rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2005, Mobọ́lá Oyèbánjí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kọ́ládé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka òsì kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnnì kan náà léraléra. Ẹ̀rọ náà ti dákú. Gbogbo ohun tó ti tẹ̀ láti àárọ̀ ti lọ.

Ìlógbò-Èkìtì ni wọ́n ń gbé. Mobọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Kọ́ládé ni katikíìsì ìjọ wọn títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi gba apá ọ̀tún rẹ̀ àti ìdajì ohùn rẹ̀. Kí àrùn yìí tó dé, ọdún mẹ́fà ló fi lọ láti agboolé dé agboolé, tó ń bi àwọn àgbà bí baba ńlá wọn ṣe tẹ̀dó, orúkọ odò tó kọjá lóko wọn, ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó níbẹ̀. Mọ́kànlá nínú àwọn àgbà náà ti kú. Ìwé tó fọwọ́ kọ, ikán ti jẹ ẹ́ tán nínú àpótí. Díísìkì pẹlẹbẹ tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí kò gbà á mọ́, nítorí àwòrán pọ̀ nínú ìwé náà. Ojú ewé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, inú ògbólógbòó ẹ̀rọ yẹn nìkan ló wà.

Ìtùnúolúwa, àbúrò Mobọ́lá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìbàdàn, ti sọ ọ́ lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọpọlọ ẹ̀rọ yẹn ti kéré fún ẹrù tí wọ́n ń gbé lé e. Ọpọlọ tó yára ni kí a fi rọ́pò rẹ̀, kí a fi mẹ́mórì kún un."

"Ìgbà wo lo máa wá?"

"Ó di oṣù kẹfà."

Mobọ́lá mọ̀ pé ọkọ òun kò lè dúró de oṣù kẹfà. Gbígbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ní Adó sì ń bà á lẹ́rù. Olùkọ́ kan níléèwé wọn gbé tirẹ̀ fún oníṣẹ́ kan, òfìfo ló gbà padà. Ló bá ní kí Ìtùnúolúwa fi àwọn nǹkan náà ránṣẹ́, kó sì kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é.

Nígbà tí ẹrù náà àti lẹ́tà Ìtùnúolúwa dé, àárọ̀ Sátidé ló nu tábìlì, ó yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ó tẹ́ aṣọ funfun. Kọ́ládé rí sukuduráífà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Má tú u," ó ní. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Uṣẹ́ mi."

"Bàbá Dámiláre, bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, yóò kú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é níṣojú yín."

Kọ́ládé fi ẹsẹ̀ wọ́ àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

Mobọ́lá fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ náà ná, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ṣe wí, kí iná ara òun má bàa ba nǹkan jẹ́. Ó tú ìdè mẹ́rin. Eruku bíi ti àjà ilé wà nínú rẹ̀. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ náà ni irin kan dè mọ́lẹ̀, irin náà sì le. Bí sukuduráífà bá yọ̀, yóò ya pátákó abẹ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Irin náà ké pá! Kọ́ládé fò lórí àga. Ìdè ti tú, nǹkan kan kò ya.

Ó yọ ọpọlọ àtijọ́. Nígbà tó dojú tuntun délẹ̀, ó rí i: láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ti tẹ̀.

Ó sáré jáde lọ sábẹ́ igi ọsàn, ibi kan ṣoṣo tí fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ọgbà wọn.

"Ìtùnú, ẹsẹ̀ kan ti tẹ̀ o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra nà án. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó máa dá. Bó bá sì ti dá…"

Fóònù já. Ó pè, ó pè, kò wọlé mọ́.

Ó padà wọlé, ó mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù nínú àpò ìránṣọ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń di abẹ́rẹ́ mú, ṣùgbọ́n aṣọ tó bà jẹ́ ṣeé tú ká tún un rán. Kọ́ládé gbé tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì. Ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n.

"Ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀."

Kọ́ládé gbé e wálẹ̀, ó fi ọwọ́ náà ti etí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ dúró. Mobọ́lá pa èémí mọ́ra. Ó ki imú abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó tì í lẹ́ẹ̀kan. Ó nà. Kò dá. Nígbà tó gbé ọpọlọ náà lé àyè rẹ̀, kò lo agbára rárá, ó bọ́ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó fi ọ̀dà funfun tín-ín-ní tó ń gbé ooru kúrò sí i lórí, ó dá fáànù padà, ó ki mẹ́mórì tuntun sáàyè rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ. Fáànù yí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí ké: píì, píì, píì. Ojú rẹ̀ dúdú. Kọ́ládé di ojú.

Mobọ́lá pa á, ó wo lẹ́tà. "Bó bá ń ké, ẹ wo mẹ́mórì." Lóòótọ́, apá kan rẹ̀ kò wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kẹ́ lápá méjèèjì, ó tún tan ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ funfun jáde lójú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà ló dúró. Ó ní òun kò rí díísìkì kankan.

Inú díísìkì ńlá tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni ìwé náà wà.

"Ó tán," ni Kọ́ládé wí.

Mobọ́lá tún yọ iná. Ó fi ìka tọ gbogbo ọ̀nà tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbà láàárọ̀ náà, ó sì bá wáyà pẹlẹbẹ kan tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti fà yọ díẹ̀ lẹ́yìn díísìkì. Ó kì í wọlé ṣinṣin.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ náà gbéra láìdúró níbì kan. Kọ́ládé gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó tẹ orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ìwé náà ṣí wàrà. Kọ́ládé lọ sí ìparí, ó padà sí àárín, ó ń ka orúkọ àwọn òkú náà sábẹ́ ètè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe àwọn ọmọ sílé. Kò sí èyí tó dín.

"Ìyá Dámiláre," ó ní nígbà tó yá, "wá oúnjẹ. Ebi ń pa mí."

Mobọ́lá dé ilé ìdáná, ó fẹ́ ṣá iná, ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná díẹ̀ kó tó dá iná oúnjẹ.

Kí oṣù náà tó parí, Ìtùnúolúwa fi ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sórí síídì ránṣẹ́. Mobọ́lá ló tún dè é mọ́ ọn. Síídì mẹ́ta ni wọ́n kọ ìwé náà sí: ọ̀kan wà nílé, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ọ̀kan rán ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn. Nínú oṣù kọkànlá, Kọ́ládé tẹ ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé náà.