Ìbọn Ìrọ̀lẹ́

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, etí mi ṣì máa ń retí ìbọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ń dá gbé ní abà kan ní ìhà Lágelú. Tí wọ́n bá ti igbó dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á yin ìbọn ṣakabùlà wọn sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá dẹtí sílẹ̀. Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń gbé lódìkejì odò á yin tirẹ̀ láti fi dáhùn.

"Ọ̀lẹ ti wọlé," ni wọ́n á wí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Mo wà ní yunifásítì nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣòfin pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá ní ìbọn láìní láísẹ́ńsì. Kí n tó dé abà ní ìsinmi, ẹ̀rù ti mú kí ọ̀rẹ́ wọn òdìkejì odò yẹn gbé ìbọn tirẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá.

"Bàbá, àbá lásán ni," mo ní. "Àwọn aṣòfin ṣì ń jiyàn lé e lórí."

"Mo sọ fún un. Ó ní ọjọ́ orí òun ò gba ẹ̀wọ̀n mọ́."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n yin ìbọn, wọ́n dẹtí. Odò nìkan là ń gbọ́.

"Máa jẹun," ni wọ́n wí. "Ebi ò pa mí."

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà sílé ìwé, wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọ́n kọjú sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Mo tẹ̀lé wọn, mo tún ní òfin náà ò tíì jáde.

"Mo gbọ́, ọmọ àbúrò mi," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n wá máa dá pariwo nínú igbó ni?"