Gẹ̀ẹ́sì Àdúgbò Wa

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ṣì máa ń já mi láyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Bouaké, ìlú tí a ń gbé nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ìbọn ń dún lápá àdúgbò Gonfreville. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àdúgbò wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀: mọ́ṣáláṣí, kànga, ilé wa. Faransé la fi ń kàwé, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí níbi tí mò ń gbé.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni. Ìbọn tún dún. Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Àjọkẹ́, tún un sọ."

Mo rò pé ẹni tó bá ṣì í sọ ni wọ́n máa yìnbọn pa.

Bàbá kò sọ fún mi pé a máa sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, àti pé èmi àti ìyá mi nìkan ló máa lọ. Nígbà tí tíṣà ibẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí níbi tí mò ń gbé, ilé tí Bàbá nìkan ṣẹ́kù sí ni mo júwe.