Ilé Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Rẹ́

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àkọ́bí bàbá wọn, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé wọn ní ìlú Datcha gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú lójú gbogbo ẹbí, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó ní, "Ọwọ́ yìí, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló mọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, mi ò sì tíì gbàgbé.

Lóòótọ́ ni mo jẹ́ olùkọ́. Atakpamé ni wọ́n bí mi sí, ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ni mo ti kàwé, Notsé ni mo sì ti kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé ni ọkọ mi níbẹ̀. Ilé onílé ni a gbé ní gbogbo ìgbà yẹn. Onílé wa ìkẹyìn ní kí a kó jáde nítorí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó, a sì kó jáde pẹ̀lú orí ewú. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé mi jáde nínú rẹ̀ títí n ó fi kú.

Ilé bàbá ọkọ mi ṣófo ní Datcha. Ilé amọ̀ ni, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ikán ti jẹ ilẹ̀kùn. Ẹbí ní ẹni tó bá lè tún un ṣe kó máa gbé inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò tako ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn ń wo ọwọ́ mi ni.

Ọkọ mi fẹ́ pe bíríkìlà kan láti Glei. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ọwọ́ ara wa ni a ó fi ṣe é, láti orí páànù dé ilẹ̀. Ó mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kò sì bá mi jiyàn. Igi tíìkì ni ó fi kan ilẹ̀kùn. Ó fi ìyókù pákó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan fún àwọn ìwé mi, iṣẹ́ oṣù méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, a fi òkúta pẹlẹbẹ tì í. Fèrèsé àlòkù la rà ní Notsé, a gbé e sórí itan nínú takisí délé.

Ògiri ni tèmi. Amọ̀ tí wọ́n ti fi rẹ́ ẹ sẹ́yìn ti nípọn, ọdún lórí ọdún, àwọn ọmọbìnrin ilé ló ń rẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ìka wọn ṣì hàn lára rẹ̀, ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ojú ọ̀nà eku. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá a dànù láti pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pa ẹ̀pà, ó ń wò mí. Ó bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ni mo máa fá. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni, sìmẹ́ńtì ni a ó fi bò ó, bí ilé ọmọlúàbí. Ó ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìkòkò kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ló kún inú rẹ̀, ó ń rùn kíkan, fóòmù wà lójú rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó ní òun rí ẹ̀gbọ́n òun tó gbé e kalẹ̀, kò sọ ohun tó wà fún, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ìdílé wọn kò fi ìsìn àwọn bàbá wọn sílẹ̀, èmi sì jẹ́ Kátólíìkì. Mo rò ó lọ́kàn mi pé obìnrin yìí kò fẹ́ kí n gbé ilé bàbá rẹ̀, ó ti fi oògùn wá ọ̀nà àtilé mi jáde. Mo fi aṣọ di ìkòkò náà mú kó má kan ara mi, mo dà á sídìí igi ọsàn, mo ṣe àmì àgbélébùú. Mo dá ìkòkò padà fún un lófìfo. Ó gbà á, ó wo inú rẹ̀, ó wọlé.

A rẹ́ pálọ̀ àti yàrá méjì. Sìmẹ́ńtì tán kí a tó dé yàrá ẹ̀yìn, a sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Ògiri wa ń dán. Mo pe ẹ̀gbọ́n wá wò ó. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti le, tó ti sán, síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, o ṣiṣẹ́."

Òjò àkọ́kọ́ kọjá. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, bí mo bá fi ìka lu ògiri pálọ̀, ó ń dún bí agbè tó ṣófo. Ó wú níbì kan, ó là. Omi ń gba ojú ibi tó là wọ inú amọ̀, sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde, ògiri sì ń di ẹrẹ̀ nínú lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé a rí i. Ọkọ mi lẹ sìmẹ́ńtì mìíràn mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣì ń rọ̀, ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Mo sáré jáde. Ọkọ mi padà wọlé nítorí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ní kí n wá di ẹsẹ̀ kan mú. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ògiri fi wó lù ú. Ìbàdí rẹ̀ ló fọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Atakpamé, kò sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró la sin ín.

Yàrá ẹ̀yìn ni mo ń gbé báyìí, òun nìkan ló dúró. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, mo gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n kọjá, mo sì gbọ́ òórùn kíkan yẹn. Àwọn obìnrin ń se èèpo èso igi irú nínú ìkòkò ńlá, omi rẹ̀ pupa, wọ́n ń dà á sí amọ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pò. Mo béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n rò pé mo ń ṣeré ni. Wọ́n ní òun ni kì í jẹ́ kí òjò wọ ara ògiri.

Mo bá ẹ̀gbọ́n lórí ẹní rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi la ẹnu sọ fún mi lọ́jọ́ náà, kí àbúrò rẹ̀ má baà kú. Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè:

"Odidi ọjọ́ kan ni mo fi se omi yẹn fún ọ, ìyàwó. Mo rí ibi tí o dà á sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí òjò."