Ọwọ́ Irin Tí N Kò Rí Ẹni Jù Ú Sí

Òórùn epo gasóyìlì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ní gáà Pobẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kẹ́rù. Èébú ló máa ń tẹ̀ lé e. Àgbà awakọ̀ kan, ará Sakété, ló ń wa orí ọkọ̀ kékeré tí a fi ń to wágọ́ọ̀nù akẹ́rù jọ. Èmi ọmọ Ahoyéyé ni mò ń wọ àárín wágọ́ọ̀nù lọ so wọ́n pọ̀. Kò fi orúkọ pè mí rí. "Orí ẹja" ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn débi pé bó bá sín, n kì í kí i ní pẹ̀lẹ́. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà yẹn, mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ ire fún èèyàn gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín sí i.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà láàárín wa. Orí ọkọ̀ yẹn ní ọwọ́ irin kan tó ṣeé yọ; láìsí rẹ̀, ọkọ̀ kò lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Kí n tó wọ àárín wágọ́ọ̀nù, awakọ̀ á yọ ọ́, á jù ú sí mi tòun ti èébú, èmi á fi há ìbàdí. Bí mo bá ṣe tán, màá jù ú padà sí i, màá ní, "Mo ti jáde, àgbàyà!" Àgbà ni mo ń bú bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run má bínú.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá tuntun dé láti Àjàṣẹ́. Àwọn kámíọ̀n akẹ́rù ọ̀nà Onígbòlò ti ń gba ẹrù mọ́ wa lọ́wọ́, ló bá ní a ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní ọwọ́ irin kò gbọdọ̀ kúrò lórí ọkọ̀ mọ́, ẹni tó bá yọ ọ́, ilé ló ń lọ.

Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, èèyàn ló ń wọ ibẹ̀, kì í ṣe ewúrẹ́."

"Iṣẹ́ ni mo ní kí ẹ ṣe, n kò ní kí ẹ wá kọ́ mi."

Ẹ gbọ́ ẹnu!

Lọ́jọ́ kejì, a fẹ́ so wágọ́ọ̀nù ekùrọ́. Awakọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ọwọ́ irin, ó jù ú lù mí láyà. "Gbà, orí ẹja. Má sùn síbẹ̀ o." Mo wọ àárín wágọ́ọ̀nù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fa ẹ̀wọ̀n, ni mo gbọ́ tí ọ̀gá ń pariwo pé mo ti jáde, kí awakọ̀ máa tì í bọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀gá kò rí mi, kò sì bèèrè. Awakọ̀ kò mira. Ni ọ̀gá bá fò sórí ọkọ̀, ó ti awakọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́ síbi tó yẹ kí irin wà. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó bá a ni, àpò ni wọn ì bá fi kó mi re Ahoyéyé.

Nígbà tí mo yọjú, ọ̀gá kò tilẹ̀ wò mí. Ó bèèrè ẹni tó yọ irin.

"Èmi ni," ni awakọ̀ wí. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n lé e lójú gbogbo wa, ó sì ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá wá na ọwọ́ sí mi pé kí n mú irin wá. Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi. Ó sì ń wò ó ní ìbàdí mi! Mo bá ọ̀nà ilé lọ, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Mo ru iṣu, mo ra ọtí sódàbì, mo lọ dúpẹ́ ní Sakété. Sódàbì, fún ọkùnrin tó ń kírun níwájú mi lójoojúmọ́! Ó da ọtí náà sílẹ̀ lójú mi. Ó ní, "Ta ló bẹ̀ ọ́? N kò fẹ́ràn rẹ lánàá, n kò fẹ́ràn rẹ lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́." Ó gbé iṣu wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Koríko ti bo ojú irin báyìí. Wọ́n ti gé orí ọkọ̀ náà tà. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá sílé mi nítorí ọwọ́ irin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n máa lọ kí n tó tú ajá sí wọn.

Wọ́n ti sin awakọ̀ kí n tó gbọ́. Mo mú irin náà dání lọ síbi sàréè rẹ̀, mo wá ọ̀rọ̀ tó dára, n kò rí. Mo ní, "Mo ti jáde, àgbàyà." Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ gbà á, mo sì gbé irin mi padà wá sílé.