Ààwẹ̀ Ìkọ̀kọ̀ Tí Mo Gbé Lọ sí Kúta

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti bọ́jú. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi àdí àgbọn pa orí, ojú, etí àti ètè. Bí ìjọ wa ṣe ní ká máa ṣe nìyẹn. Olúwa ló ní kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ má fajú ro, kó bọ́jú, kó fi òróró pa orí, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún ni. A kì í jẹ, a kì í mu, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìjọ wa kò sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí yìí ṣeré. Wọ́n ta aṣọ fífẹ̀ kan síwájú ilé ìjọsìn, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ÀÀWẸ̀ ÌKỌ̀KỌ̀ sí i, wọ́n sì ya olùṣọ́-àgùntàn wa sí abẹ́ rẹ̀ níbi tó ti fajú ro.

Díkónì tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ààwẹ̀ pín fọ́ọ̀mù fún wa. Àyè márùn-ún ló wà níbẹ̀ fún ohun tí a ń tọrọ. Ẹyọ kan ni mo kọ: ọkọ fún Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó mi bí fún mi kó tó kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin méjì ti wá, wọ́n ti lọ. Ẹ̀kẹta ni Dáre, ọmọ Kúta lẹ́bàá Ìwó, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́.

Díkónì wo fọ́ọ̀mù mi. Ó ní, "Alàgbà, ẹyọ kan péré? Àyè mẹ́rin lẹ jẹ́ kó ṣòfò yìí."

Mo ní ẹyọ kan náà ni mo fẹ́.

Ní Abẹ́òkúta tiwa, ará ilé ọkọ ló ń wá sílé ìyàwó. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti gbé bàbá Dáre ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ó sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fojú kàn mí kí àwọn tó dá ọjọ́ ìdána. Àbúrò mi obìnrin bínú. "Bàbá ìyàwó tó ń rìn lọ bá bàbá ọkọ? Ṣé a ń kiri ọmọ ni?" Mo ní mo máa lọ.

Bọ́sẹ̀ ti gbé ẹ̀wà ka iná. Mo ní ikùn mi kò tíì jí. Ó wò mí, ó ní, "Bàámi, àdí yìí pọ̀ jù o." Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn dákẹ́." Ó mọ̀ mí. Ìyá rẹ̀ ló máa ń bá wa sọ̀rọ̀ níbikíbi tí a bá lọ.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní gáréèjì dé Ìbàdàn. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ọ̀dẹ́dá. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ló kù, awakọ̀ sì mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà mọ ohun tí wọ́n ń tà ní gbogbo ibi tí a ti dúró: búrẹ́dì gbígbóná, àgbàdo sísun, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹran tí a fi èéfín yan. N kò wo ìta rárá. Imú ló ń ròyìn fún mi.

Ní Ìwó Ródù, n'Íbàdàn, mo wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tó ń lọ sí Ìwó. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ni. Mùsùlùmí ni awakọ̀ náà, ọ̀dọ́kùnrin aláwàdà kan. Obìnrin kan tó sanra, tó wé gèlè funfun, jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ má bínú o," obìnrin náà ní kí a tó gbéra, "mi ò ní lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ààwẹ̀ ni mo wà. Òní ló pé ọjọ́ kẹrìnlá."

Láti Olódó dé Lálúpọn ló fi ṣàlàyé fún wa bí òun kò ṣe ní lè sọ̀rọ̀. Ní Lálúpọn, ó na owó síta, ó ra mínírà tútù, ó sì mu ún dé ìdajì.

Awakọ̀ wò ó nínú dígí. "Màmá, ẹ ti ṣínu nìyẹn?"

"Ta ló ṣínu? Ohun tí wọ́n bá fi eyín gé ni ìjọ wa kà sí oúnjẹ."

"Háà! Àwa, tí a bá ti jẹ sààrì tán, omi pàápàá di èèwọ̀." Sààrì ni oúnjẹ tí àwọn Mùsùlùmí máa ń jẹ ní ìdájí kí ààwẹ̀ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jí jẹun lóru! Àwa kì í jẹun lóru."

"Òótọ́ ni, Màmá. Mínírà lẹ máa ń mu lọ́sàn-án."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà yíjú sí mi kí ó lè rí ẹni gbè é. "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń gbààwẹ̀?"

Mo ní oorun ń kùn mí.

"Kí ni wọ́n ń gbààwẹ̀ sí?" awakọ̀ dáhùn fún mi. "Ẹ wo bí ojú wọn ṣe ń dán. Wọ́n ti jẹun yó."

Inú mi dùn. Mo rò pé ìlànà ìjọ wa ń ṣiṣẹ́.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, níbi tí mo ti mọ ìwé kà. Títí di òní, n kì í lè kọjá lára ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ láìkà á. Lójú ọ̀nà yìí, pátákó ìjọ pọ̀ ju pátákó ìlú lọ. Ọ̀kan ń pe èèyàn wá fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e ń pè é wá fún ọjọ́ méje. Níwájú díẹ̀, ẹnì kan ti mú un dé ogójì. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ọjọ́ na ara wọn lọ́jà. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ ọ́ sí i pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà.

Nígbà tí a dé Ìwó, ọjà ti kún. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì dojú kọ ara wọn lójú pópó kan, obìnrin kan sì ń ta àkàrà láàárín méjèèjì láìbéèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni ìkíni wọn. Lọ́dọ̀ wa, ọlọ́kadà á mi orí, ó parí. Ọlọ́kadà ti Ìwó bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀ kó tó bu ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ fún mi dé Kúta, owó tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Mo ní kó padà wá gbé mi ní aago mẹ́ta. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa la gbà, ebè iṣu ní ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ní òsì.

Aago kan ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Bàbá Dáre jókòó sórí àga, wọ́n fi pákó di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e lé àpótí. Ó fẹ́ dìde láti kí mi, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un, ó sì bẹ̀ mí títí ojú fi tì mí. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi. Ní igun yàrá ni ìyá bàbá Dáre jókòó sí, arúgbó tín-ín-rín kan tó fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun sọ́rùn. Ọmọ rẹ̀ di onígbàgbọ́, òun dúró ti òrìṣà rẹ̀. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é.

A kò tíì kí ara wa tán tí oúnjẹ fi dé. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, odidi adìyẹ.

"Ẹ wẹwọ́, àna wa," Bàbá Dáre ní.

"Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

"A ti jẹun, a ti yó."

Mo wo ètè rẹ̀. Ó gbẹ, ó là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dọ̀ wa, onílé ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ àlejò wò. Mo wo ìyàwó rẹ̀.

"Inú ń run mí díẹ̀, sà," obìnrin náà ní.

"Èmi náà jẹun lọ́nà," mo ní. Irọ́ kìíní nìyẹn. Wọ́n rọ̀ mí, mo ní iyán kì í bá mi lára mu. Wọ́n fẹ́ lọ se ìrẹsì, mo ní dókítà ti ní kí n dín in kù. Irọ́ mẹ́ta, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí ààwẹ̀.

Iyán ń tutù. Bàbá Dáre ròyìn òjò àti iṣu fún mi títí aago méjì ààbọ̀ fi kọjá.

Ìyá Àgbà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "Kí ló wà nínú oúnjẹ yìí gan-an? Àwọn tó sè é kò jẹ ẹ́, ẹni tí wọ́n sè é fún kò fọwọ́ kàn án."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Bàbá Dáre ní.

"Kí lo ń bẹ̀ mí sí? Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, bàbá mi ò sọ̀rọ̀ kan kó tó jẹ iyán àna rẹ̀. Ẹni tí ò lè jẹun wa, ọmọ rẹ̀ ló máa wá fún wa?"

Ojú Bàbá Dáre yí padà. Ó wo àwo, ó wò mí. "Àna wa, bí ọkàn yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fún wa. A kì í fi túlààsì fẹ́yàwó. A kúkú mọ̀ pé àgbẹ̀ ni wá."

Gbólóhùn kan péré ni ì bá yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ti wọgbó, ẹ̀bẹ̀ mi sì lè bá a lọ. Ọkọ ni mo ń tọrọ fún Bọ́sẹ̀. Ọkọ náà ń bọ́ lọ lójú mi, mo jókòó, mo ń ṣọ́ àdúrà. Mo mú fìlà mi. Mo ní ọlọ́kadà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Bàbá Dáre kò dá mi dúró.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aago mẹ́ta lù. Ó di ojú, ètè rẹ̀ jì fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àmín." Bó ṣe lajú, ó fa àwo iyán tí wọ́n gbé fún mi sọ́dọ̀, ó gé òkèlè tó tóbi bí ọsàn, ó rì í bọ ọbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tí inú ń run ti gbé ife omi sórí, ó mu ún tán láìmí.

Mo dúró, mo ń wo ẹni tó ti yó.

"Bàbá Dáre," mo ní, "ààwẹ̀ lẹ wà?"

Òkèlè dúró sẹ́nu rẹ̀. Ojú tì í. "Ìjọ wa ló ní ká gba ọjọ́ méje. Aago mẹ́ta la máa ń ṣínu. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí lẹ ń tọrọ?"

Ó gbé òkèlè náà mì kó tó dáhùn. "Kẹ́ ẹ má kọ̀ wá. Dáre ti ń lọ sí ogójì ọdún."

Mo padà jókòó. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ ṣe é, n kò tíì rò ó. Mo ní, "Ààwẹ̀ lèmi náà wà. Tiwa di aago mẹ́fà."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi ń dún. "Ṣé Ọlọ́run kan náà lẹ jọ ń sìn? Ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn yìí ní mẹ́ta, ó ní kẹ́yin dúró síta di mẹ́fà? Òrìṣà tèmi, bí mo bá gbé oúnjẹ lọ bá a, òun jẹ, èmi jẹ. Kò sẹ́ni tó máa purọ́ inú rírun."

"Ẹ má bà á jẹ́ nítorí wa o, àna wa," Bàbá Dáre ní. "Ẹ jẹ́ ká bá yín bò ó di mẹ́fà."

Ọ̀rọ̀ onínúure ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ń wo ọwọ́ mi. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ààwẹ̀," ó ní. "Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i kí bàbá ọmọ náà jẹun nílé yìí."

Mo wẹwọ́.

Iyán náà ti tutù, kò sì dí mi lọ́wọ́. Ìyá Àgbà dìde fúnra rẹ̀, ó wá fi iwe adìyẹ sínú ọbẹ̀ mi, èyí tí wọ́n máa ń fún olórí ilé. Ọlọ́kadà dé, wọ́n bu iyán fún un, ó jẹ ẹ́, ó lọ. A sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo sọ bí Bọ́sẹ̀ ṣe rí, bó ṣe máa ń tètè bínú, bó ṣe tọ́jú ìyá rẹ̀ títí tíyẹn fi kú. N kò tíì sọ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ. Wọ́n ní kí n sùn. Bọ́sẹ̀ pè, mo ní mo ń bọ̀ lọ́la. N kì í sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lórí fóònù.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà gba ọ̀nà tí mo gbà wá. Wọ́n di iṣu mẹ́fà fún mi, awakọ̀ sì gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí rẹ̀. Mo ń ronú lọ́nà. N kò rí àléébù kankan lára ààwẹ̀. Mo ṣì ń gbà á. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ pé mo ń gbààwẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ẹni tí kò mọ̀ ni ẹni tó dáná fún mi, òun ló sì yẹ kí n sọ fún. Èmi àti Bàbá Dáre fi nǹkan pa mọ́ fún ara wa nítorí Ọlọ́run, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara wa ti ohun tí a ń tọrọ síta.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni mo dé ilé. Bọ́sẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó gba àpò iṣu lọ́wọ́ mi, kò sì wo inú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàámi. Ṣé ẹ jẹun níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo jẹun."

Kò dìde lórí eékún. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún ìdána?"